Ìyàwó Aláṣọ Funfun Inú Fóònù Hussain

Orí òrùlé bàbá mi ni mo ti kọ́kọ́ rí Hussain, mo sì rò pé ó fẹ́ já bọ́ ni.

Ìgbà ọyẹ́ ni. Ariwo jẹnẹrétọ̀ ti sú bàbá mi, Alhaji Yàkúbù, tó ti ń ta aṣọ ní Sabon Gari ní Zaria kí wọ́n tó bí mi. Ó pe oníṣẹ́ sólà kan láti Hayin Dogo pé kó wá gbé sólà sórí ilé wa. Èmi àti Àǹtí Tinúkẹ́, aládùúgbò wa tí a jọ ń rán híjáàbù, jókòó sábẹ́ igi dóńgóyárò nínú ọgbà. Nígbà tí mo gbójú sókè, mo rí ọkùnrin kan tó fi ọwọ́ kan di irin mú, tó ń mi orí síwájú sẹ́yìn, síwájú sẹ́yìn, bí ẹni tí gìrì mú.

Mo kígbe pé, "Má já bọ́ o!"

Ìyá mi sáré jáde pẹ̀lú kẹ́tùlù omi àlùwàlá lọ́wọ́. "Ọmọ yìí, ṣé ara rẹ yá lókè yẹn?"

Ọkùnrin náà yọ nǹkan kan kúrò létí. "Ara mi yá, mà. Orin ni mò ń gbọ́."

"Orin wo ló ń ṣe èèyàn báyìí?"

"Orin àwọn ará Japáànì ni, mà. Mẹ́tààlì ni wọ́n ń pè é."

Àǹtí Tinúkẹ́ kò gbójú kúrò lára ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. "Kó sọ̀ kalẹ̀ wá gbọ́ ọ nílẹ̀. Tó bá já lu ẹ̀rọ mi, àwọn ará Japáànì ni yóò ra òmíràn fún mi."

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Hussain padà wá wo bátìrì. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó tún wá wò ó. Kò sí ohun tó ṣe bátìrì náà. Nígbà tó dé lẹ́ẹ̀kẹrin, Àǹtí Tinúkẹ́ bi í pé, "Hussain, bátìrì tí ò ń wò yìí, ṣé òun ló ń rán híjáàbù?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì wolẹ̀. Bí Àǹtí Tinúkẹ́ ṣe di alárenà wa nìyẹn.

Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà. Èmi, Waheedat, ni àkọ́bí, n kò lọ sílé ìwé nítorí pé àwọn àbúrò mi mẹ́rin nílò ẹni tí yóò máa pọ̀n wọ́n. Ọdún mẹ́rin ṣáájú kí Hussain tó dé ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kíláàsì àwọn àgbàlagbà tí alfa kan ń ṣe lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí àwọn ará Ìlọrin. Mo kọ́ Yorùbá kíkà níbẹ̀, mo sì kọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀. Mo sọ fún Hussain pé kó má máa fi ohùn ránṣẹ́ sí mi, kó máa kọ ọ́, kí n lè máa fi kàwé. Ó kọ ọ́ pé: Bátìrì ń kí ọ. Ó kọ ọ́ pé: Mo jẹ tùwó lónìí, kò dùn tó ti ìyá rẹ. Mo máa ń fi ìka tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà títí yóò fi wọ̀ mí lára.

Inú ìyá mi dùn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í jìnnà sí i. Bí rédíò bá ń sọ̀rọ̀ àwọn ọkùnrin tí wọ́n ń fi obìnrin ṣe oògùn owó, á pè mí, á ní kí n jókòó ti òun kí n fetí sílẹ̀ dáadáa. "Ojú wọn kì í rí bíi ti ìkà," ó máa ń wí. "Wọ́n máa ń kí èèyàn dáadáa."

Hussain máa ń kí èèyàn dáadáa.

Ó ku oṣù kan kí àwọn ará ilé rẹ̀ wá mọ̀ wá. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, ó gun orí òrùlé láti nu eruku, ó sì fi fóònù rẹ̀ sílẹ̀ lórí ẹní ìyá mi. Mò ń jẹun lọ́wọ́ nínú abọ́ mi, abọ́ irin funfun kan tó ní òdòdó pupa nínú. Òun ni ìyá mi ti ń bu oúnjẹ sí fún mi láti ìgbà tí mo ti ń rá, kò sì sẹ́ni tó tún ń fi í jẹun. Fóònù náà dún. Ìyá mi gbé e kó lè nà án sí mi, ṣùgbọ́n ẹni tó ń pè ti dákẹ́, ìka ìyá mi sì ti kan nǹkan kan lójú fóònù. Àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Obìnrin kan ń bọ̀ nínú yìnyín. Aṣọ funfun bò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Wọ́n ti fi nǹkan funfun kun ojú rẹ̀ títí kò fi jọ ojú alààyè mọ́. Àwọn ọkùnrin tó wọ aṣọ dúdú ń tẹ̀ lé e, kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín nínú wọn. Lẹ́yìn wọn, àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta kan ń ta gìtá, irun bo ojú wọn, ìlù sì ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Lẹ́yìn náà ni ohùn kan jáde. N kò mọ bí mo ṣe lè kọ ọ́. Ó dà bí ohùn ẹni tí wọ́n ń fa nǹkan yọ nínú rẹ̀.

Àwọn lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì kéékèèké ń kọjá nísàlẹ̀. N kì í yára kàwé. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo rí mú: Lónìí ni mo kú.

"Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?" ìyá mi bi mí.

Ó yẹ kí n parọ́. N kò parọ́.

Ìyá mi ti fóònù náà sábẹ́ tìmùtìmù bí ẹni tó fẹ́ pa ẹnu rẹ̀ dé. "Likáfánì nìyẹn," ó wí. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Aṣọ òkú. Ìyàwó ni wọ́n fi aṣọ òkú wé yẹn, Waheedat."

Mo gbé abọ́ mi sílẹ̀. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù, tí n kò sọ fún un, ni pé ẹsẹ̀ mi ti ń bá ìlù náà lọ kí n tó mọ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, ìyá mi lọ wádìí Hussain ní Samaru, níbi tí Hayin Dogo wà. Nígbà tó dé, kò bọ́ bàtà rẹ̀ kó tó jókòó.

"Ọmọ kan wà ní Muchia," ó wí. "Sarat ni wọ́n ń pè é. Yunifásítì ló ń lọ. Hussain ló fẹ́ fẹ́ ẹ. Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí wọ́n so yìgì, ọmọ náà kú."

"Ìyá, kí ló pa á?"

"Ìwọ náà ń bi mí. O kò rí ohun tó wà nínú fóònù rẹ̀ ni?"

Bàbá mi ránṣẹ́ pe Hussain. Bàbá mi kì í pariwo. Ó ní kó jókòó, ó ní kí wọ́n fún un lómi, ó sì dúró títí ó fi mu ún tán. Èmi wà lẹ́yìn kọ́tìnì. Àǹtí Tinúkẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi nínú yàrá àlejò.

"Ta ni Sarat?" bàbá mi bi í.

Hussain rọra gbé kọ́ọ̀pù sílẹ̀. "Ẹni tí mo fẹ́ fẹ́ ni, sà. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tó ti di olóògbé."

"Kí ló ṣe é?"

"Ibà ni, sà. Ọjọ́ mẹ́rin péré."

"Kí ló dé tí o kò sọ fún wa?"

Hussain ń yí kọ́ọ̀pù náà po.

"Ìyàwó aláṣọ òkú tó wà nínú fóònù rẹ ńkọ́? Kí lo fi ń ṣe?"

Mo di etí kọ́tìnì mú. Nínú ọkàn mi mo ń bẹ̀ ẹ́ pé, sọ̀rọ̀, sọ ohunkóhun. Ó la ẹnu. Ó pa á dé. Ó tún un là. "N kò lè sọ ọ́, sà."

"Sọ nǹkan kan, Hussain," Àǹtí Tinúkẹ́ wí. "Parọ́ pàápàá."

Ó mi orí.

"Tó," bàbá mi wí. "Oníṣẹ́ sólà mìíràn ni yóò máa wo bátìrì wa."

Ooru dé lẹ́yìn náà, ooru Zaria tí kì í jẹ́ kí odi ilé tutù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Ọkàn mi ń fà sí i, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà mí. Bí mo bá ń ronú nípa bó ṣe ń wolẹ̀ tó bá ń rẹ́rìn-ín, mo máa ń sọ pé ìwà ìtìjú ni. Bó bá tún yá, màá sọ pé ẹni tó ní nǹkan láti fi pamọ́ ni kì í fẹ́ wo ojú èèyàn. Ẹnì kan ní kí a rán ogójì híjáàbù funfun fún ilé-kéwú kan. Gbogbo ìgbà tí mo bá tẹ́ aṣọ funfun náà sílẹ̀ láti gé e, likáfánì ni màá rí. Àǹtí Tinúkẹ́ gba sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́ mi, ó sì gé e.

Nígbà tó yá, Hussain kọ̀wé ránṣẹ́: Ìyá Sarat wà ní Muchia, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń lọ ata. Bi í léèrè. Ohun yòówù tó bá sọ nípa mi, mo fara mọ́ ọn.

N kò sọ fún ìyá mi. Èmi àti Àǹtí Tinúkẹ́ wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Muchia. Bí a ṣe ń lọ, ó ń sọ̀rọ̀ sí mi létí kí awakọ̀ má bàa gbọ́.

"Tí obìnrin yẹn bá gbé omi wá, má mu ún."

"Kí ló dé, Àǹtí?"

"N kò mọ̀. Ṣáà má mu ún."

Obìnrin náà, Hajia Fatimah, kò ga. Ó gbé omi wá. Òùngbẹ ti gbẹ Àǹtí Tinúkẹ́, òun ló sì kọ́kọ́ mu ún tán. Hajia jókòó síwájú mi, ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

"Ìwọ ni oníhíjáàbù," ó wí. "Hussain ti sọ̀rọ̀ rẹ fún mi. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló máa ń wá kí mi. Kí lo fẹ́ bi mí?"

Báwo ni èèyàn ṣe ń bi ìyá ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀? "Mà," mo wí, "wọ́n ní... ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Kí ló ṣe Sarat?"

"Ibà. Itan mi yìí ni orí rẹ̀ wà. Hussain ń sáré wá ọkọ̀ kiri." Ó nu itan rẹ̀ bí ẹni tó ń nu eruku. "Ṣé wọ́n ní òun ló pa á ni?"

Àǹtí Tinúkẹ́ ló sọ̀rọ̀ fídíò náà fún un, ìyàwó, aṣọ funfun, ariwo.

Hajia Fatimah fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò sì rẹ́rìn-ín tán. "Sarat ló fi í sínú fóònù rẹ̀. Òun ló ń wo àwọn ará Japáànì yẹn, tó ń mi orí títí gèlè á fi já. Mo máa ń ní kó pa ariwo yẹn." Ó dìde, ó wọ yàrá, ó sì gbé ìwé kan jáde tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ká. "Ó kọ ìtumọ̀ rẹ̀ síbí fún Hussain. Yorùbá ló fi kọ ọ́. N kò mọ̀wé. Àwọn ọmọkùnrin mi, Haúsá àti Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n mọ̀ ọ́n kà. Mo ní kí Hussain kà á, ó ní òun kò lè fọwọ́ kàn án. Abẹ́ ìrọ̀rí mi ló ti wà láti ọdún mẹ́ta. Ṣé o mọ Yorùbá kà?"

Mo ní mo mọ̀ ọ́n kà díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀rù tó bà mí nígbà náà ju gbogbo èyí tó ti bà mí lọ. Bó bá jẹ́ pé ohun búburú ló wà nínú ìwé náà, ẹnu mi ni ìyá yìí yóò ti gbọ́ ọ. Mo fi ìka sí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, bí alfa ṣe kọ́ mi.

"Hussain, o ní kí n sọ ohun tó wà nínú ariwo yìí fún ọ. Aṣọ funfun yẹn, aṣọ ìyàwó wọn ni. Wọ́n gbà pé ó ti kú nílé bàbá rẹ̀, ilé ọkọ ni yóò ti jí. Ìdí nìyẹn tó fi kọrin pé: Lónìí ni mo kú, lọ́la ẹ ó bá mi nílé mìíràn. Bó bá ti jáde, wọ́n á fọ́ abọ́ tó ti fi ń jẹun láti kékeré mọ́lẹ̀, kó má bàa padà wá. Àṣà àtijọ́ ni."

Mo sinmi. Hajia kò mira.

"Ìwọ máa ń pa fídíò náà kí abọ́ tó fọ́. O ní ẹ̀rù ń bà ọ́. Nítorí náà, o kò tíì rí ìparí rẹ̀. Ìyàwó kọ́ ló ń pariwo. Ìyá rẹ̀ ni. Ìyá kò gbọ́dọ̀ sunkún lójú àwọn àlejò, àwọn ọmọbìnrin onígìtá yẹn ló ń bá a pariwo. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn. Màmá mi náà kì í sunkún. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, màá fi han Màmá, kí wọ́n lè mọ̀ pé mo mọ̀."

"Tún ibi tó kẹ́yìn yẹn kà," Hajia wí.

Mo tún un kà. Ó ní kí n tún un kà lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tí mo parí, ó fi híjáàbù bo ojú, ohùn kan sì jáde lára rẹ̀. Mo mọ ohùn náà. Mo ti gbọ́ ọ rí, lórí ẹní ìyá mi, nínú fóònù.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, Hajia Fatimah wọlé wa ní Sabon Gari. Ó jókòó ti ìyá mi, ó sì sọ fún bàbá mi pé, "Ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin mi ni mo bá wá, Alhaji." Ó lo wákàtí méjì. Nígbà tó fi máa lọ, bàbá mi ti ní bátìrì wa kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́ láti ìgbà tí oníṣẹ́ tuntun ti dé.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù mìíràn ti wọlé sí mi lára. Nígbà tí Hussain dé, mo pè é sábẹ́ igi dóńgóyárò. Àǹtí Tinúkẹ́ wà nítòsí, ó ń díbọ́n pé òun ń tú òwú.

"Ṣé èmi lo fẹ́," mo bi í, "àbí ẹni tí yóò máa ka ìwé Sarat fún ọ?"

Ó gbójú sókè wo òrùlé. "Sarat ni mo máa ń rántí bí mo bá ń gbọ́ orin yẹn. N kò ní parọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo wà lórí òrùlé yín, o ní kí n má já bọ́. Ṣáájú ọjọ́ yẹn, bí mo bá gun òkè, bí mo já bọ́, bí n kò já bọ́, ọ̀kan náà ni lójú mi. Láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀rù òrùlé ń bà mí."

"Ṣé ìyẹn dára?"

"N kò mọ̀. Mo kàn ń di irin mú dáadáa."

Wọ́n mú ọjọ́. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án, mo jí, eyín mi ń gbá ara wọn. Ibà ni.

Kò sẹ́ni tó dárúkọ Sarat nínú ilé wa, gbogbo wa la sì ń gbọ́ orúkọ náà. Dókítà fún mi lóògùn. Hussain jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá, kò wọlé, kò lọ. Ojú rẹ̀ funfun bíi ti ìyàwó inú fóònù. Ní ọjọ́ kejì, Hajia Fatimah dé láti Muchia, ó sì gbé orí mi lé itan rẹ̀. Mo fẹ́ sọ pé kó gbé e kúrò, pé ibẹ̀ kọ́ ni kí orí mi wà. N kò ní agbára.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, ìyá mi dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Hussain," ó wí, "gbé fóònù yẹn wá. Mo fẹ́ rí ìparí rẹ̀."

"Mà, èmi náà kò tíì..."

"Jókòó síbí. A jọ máa wò ó."

Mo gbọ́ ìlù tó ń sáré. Mo gbọ́ ohùn náà. Ọwọ́ Hussain sún lọ sí ojú fóònù láti pa á, ìyá mi sì di ọwọ́ náà mú. Abọ́ fọ́. Mo yí orí, mo sì rí i: ìyàwó ti lọ, obìnrin arúgbó kan dúró nínú yìnyín láàárín àfọ́kù, ẹnu rẹ̀ là gbàgà, àwọn ọmọbìnrin onígìtá dúró yí i ká. Ìparí rẹ̀ nìyẹn.

Hussain ń sunkún bí ọmọdé. Ìyá mi kò fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Òógùn bò mí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, ibà náà sì lọ.

Wọ́n so yìgì wa ní ọjọ́ tí wọ́n dá. Nígbà tí ọkọ̀ tí yóò gbé mi lọ sí Hayin Dogo dé, mo kúnlẹ̀ fún bàbá mi, mo sì ń wá ìyá mi. Ẹnu ọ̀nà ló wà. Ó gbé abọ́ irin mi dání, èyí tó ní òdòdó pupa. Ẹ̀rù bà mí. Mo wo ọwọ́ rẹ̀, mo wo ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì.

"Ìyá, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Irin ni, kò lè fọ́," ó wí. "Tó bá sì lè fọ́ pàápàá, n kò ní fọ́ ọ. Àwọn ará Japáànì lè máa ṣe tiwọn." Ó fi etí ìborùn rẹ̀ nu inú abọ́ náà, bó tilẹ̀ mọ́ tẹ́lẹ̀. "Ibi tó máa ń wà ni yóò wà. Tí o bá dé, wàá bá a."

Lẹ́yìn náà, lójú gbogbo àwọn àlejò, ìyá mi la ẹnu, ó sì ké.